Bí a ṣe ń ka èsì CA-125 bí ìwé gbèsè òṣómàáló

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi èsì CA-125, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé jẹjẹrẹ ilé ẹyin, lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lójú ìwé náà: 842. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta aṣọ lọ́jà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Èló ni wọ́n rà á, kí n lè mọ̀ bóyá mo jèrè?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Nọ́ńbà tí a kò mọ ti àná rẹ̀, tí a kò tíì rí ti oṣù tó ń bọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, n kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tèmi nínú ìtọ́jú náà ni kí n gbé fáìlì, kí n wa ọkọ̀ láti Iléṣà dé Ifẹ̀, kí n sì máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ilé ẹyin, àti fún ẹni tó ń tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n

"Túmọ̀ máákà" ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà. Ìyá kan tí a jọ jókòó ní kílíníìkì sọ pé, "Wọ́n ń pè é ní túmọ̀, ẹnìkan ò sì túmọ̀ ẹ̀ fún wa." Èròjà kan ni, tí jẹjẹrẹ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí láàbù sì lè wọ̀n. Èyí tí wọ́n ń lò jù fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin ni CA-125, púrótéènì ńlá kan. Robert Bast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe ohun tó ń dá a mọ̀, ní 1981. Orúkọ ni 125 yẹn o, kì í ṣe èsì ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ẹni tó ń sunkún pé òun ní "ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n", nígbà tí èsì rẹ̀ gangan, tó wà ní òpó kejì, jẹ́ 31.

Ìlà tí ọ̀pọ̀ láàbù fà láàárín èyí tó dára àti èyí tó ga ni 35 U/mL. Àwọn láàbù mìíràn ń kọ kU/L. Ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ kò ní láti yí nǹkan kan padà.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń tú CA-125 jáde. Awọ tó bo inú ikùn, inú àyà àti inú ilé ọmọ náà ń tú u. Nítorí náà nǹkan oṣù lè gbé e sókè. Oyún lè gbé e sókè, fáíbírọ́ìdì, endometriosis (awọ bíi ti inú ilé ọmọ tó hù síta rẹ̀), kòkòrò tó wọ ilé ọmọ, àìsàn ẹ̀dọ̀, omi tó kún inú ikùn, ọkàn tí kò lágbára tó láti tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri, àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ikùn. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ yìí ṣe pàtàkì nílẹ̀ wa: ó lè mú ikùn wú, kó sì ti CA-125 wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kí gbogbo ilé ti máa ronú jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí dókítà kò fi ń fi ẹ̀jẹ̀ nìkan sọ pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n máa ń gé díẹ̀ lára ibẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi dókítà kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ ni pé: "Ṣé irú tèmi máa ń tú CA-125 jáde?" Láàárín àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn ká inú ikùn, bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn ń ga. Ní ìpele kìíní, nígbà tí kò tíì kúrò ní ilé ẹyin, bí ìdajì péré ni. Bí èsì yín bá wà ní 20 kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, tí síkáànì sì fi kókó hàn, kò sí ohun tí CA-125 fẹ́ sọ fún yín lẹ́yìn náà. Irú tó ń ṣe ikun, omi tó ń fà bíi ti imú, lè jẹ́ CEA àti CA 19-9, àwọn túmọ̀ máákà mìíràn, ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Ti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹyin fúnra rẹ̀, AFP, hCG àti LDH ni. Irú kan tún wà tó jẹ́ inhibin ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹ má ṣe bá aládùúgbò fi nọ́ńbà wéra. Ó lè jẹ́ ọjà ọ̀tọ̀ lẹ jọ ń tà.

Ẹ gba èsì àkọ́kọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, kí wọ́n sì tún gba òmíràn kí kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) àkọ́kọ́ tó wọlé, ó pẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀. Lára èyí ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò kọ iye tó fi ra ọjà sílẹ̀, irọ́ ni gbogbo èrè tó bá kà.

Láàbù kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun mìíràn tí mo sọ, ẹ má gbàgbé eléyìí.

Lẹ́yìn kímò kẹrin, ohun tí láàbù tí a ń lò fi ń ṣe àyẹ̀wò tán. Wọ́n ní ká dúró ọ̀sẹ̀ kan. Ara mi kò gbà á, mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ ní 58. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, láàbù tiwa pè pé àwọn ti rí ohun èlò, a lọ, wọ́n ní 38. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó, tí mo ti fi 58 ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, sọ pé ìyanu ni. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ sọ pé ẹnìkan ń purọ́. Kò sí ìyanu, kò sì sẹ́ni tó purọ́. Ẹ̀rọ tí oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ń ṣe kì í mú CA-125 bákan náà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, nínú síríǹjì kan náà, lè di nọ́ńbà méjì lórí ẹ̀rọ méjì. Bí òṣùwọ̀n ìyá alágbàdo ìsàlẹ̀ ọjà ṣe yàtọ̀ sí ti òkè ọjà ni.

Nítorí náà:

- Ẹ mú láàbù kan, ẹ dúró tì í. Bí ẹ bá ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà tí wọ́n sì ní kí ẹ máa bọ̀ ní ẹ̀ka ti Ifẹ̀, ẹ béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ yóò ti máa lọ, kí ó má yí padà láìnídìí.
- Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ tàbí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Bí wọ́n bá ń fi ránṣẹ́, ọjọ́ mélòó ni èsì ń gbà? Kò wúlò kí ẹ dé iwájú dókítà láìsí èsì lọ́wọ́.
- Bí ó bá pọn dandan kí ẹ pààrọ̀ láàbù, ẹ kà á sí ìwé tuntun. Bí agbára bá wà, ẹ jẹ́ kí méjèèjì wọn ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ bí òṣùwọ̀n wọn ṣe jìnnà síra.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀

Kò sí ààwẹ̀. Ẹ jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi gbààwẹ̀ nígbà méjì àkọ́kọ́ nítorí pé ti ṣúgà ló mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú lórí ìjókòó.

Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń lo biotin, oògùn irun àti èékánná tí àwọn ọmọge ń rà yẹn. Tó bá pọ̀ lára, ó lè da àwọn ẹ̀rọ kan láàmú. Ẹ sọ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi inú ikùn yín, bí ibà tàbí kòkòrò bá wọ ara, bí nǹkan oṣù bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó dìde. Orúkọ àwa Ìjẹ̀ṣà jọra, "Fọláṣadé" mẹ́ta la jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní ọjọ́ kímò, ẹ̀jẹ̀ oríṣi méjì ni wọ́n máa ń gbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kó wọn pọ̀. Èyí tó ń sọ bóyá wọn yóò fún yín ní oògùn lónìí ni èyí tó ń ka ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ funfun àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, pẹ̀lú èyí tó ń wo kíndìnrín. CA-125 kọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà sílé nítorí ẹ̀jẹ̀ funfun kò tó, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ń pọ̀ sí i.

Ẹ ṣí ìwé gbèsè

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló, oníṣòwò tó ń gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, tó ń tà á láwìn, tó sì ń padà lọ gba owó. "Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi." Bàbá wa ṣe é. Ìwé gbèsè rẹ̀ kò mọ ìwà ẹnikẹ́ni láti ojúmọ́ kan. Ẹni tó san díẹ̀ lónìí lè sá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń yọ́ ọ san lóṣooṣù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ká ṣí fún CA-125, ó sì fa òpó mẹ́rin sínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ (kì í ṣe ọjọ́ tí èsì jáde), iye, orúkọ láàbù, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ náà.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé: 842. Kí kímò kìíní tó wọlé: 486. Kí kímò kejì: 510. Kí ẹ̀kẹta: 188. Kí ẹ̀kẹrin: 77. Kí ẹ̀karùn-ún: 38. Kí ẹ̀kẹfà: 24. Oṣù kan lẹ́yìn èyí: 17. Carboplatin àti paclitaxel ni oògùn rẹ̀, lọ́jọ́ mọ́kànlélógún-mọ́kànlélógún, ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Ẹ wo ibi tí ó ti gòkè, láti 486 sí 510. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa nílé pé oògùn òyìnbó ò ṣiṣẹ́. Dókítà kò tiẹ̀ ka ìyẹn sí. Ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ inú ikùn tó ń jinná ń tú CA-125 tirẹ̀ jáde, ó lè dá èsì rú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nígbà mìíràn kímò àkọ́kọ́ náà sì máa ń ti iye náà sókè díẹ̀ kó tó ṣubú.

Ẹ tún wo ìparí. Láti 510 sí 188, ó fi 322 dín. Láti 38 sí 24, ó fi 14 péré dín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ti rẹ oògùn náà." Ibí ni iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ti wúlò lẹ́ẹ̀kan: ẹ má yọ, ẹ pín. 188 kò tó ìdajì 510. 77 kò tó ìdajì 188. 38 kò tó ìdajì 77. Ìṣísẹ̀ kan náà ni ó ń gbé látòkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà ló kéré sí i. Nígbà tó bá dé 24, ara tó jí pépé náà ní tirẹ̀ tó ń tú jáde, kò lè di òfo. Ẹni tó bá ń dúró de 0 yóò dúró pẹ́.

Ìlànà tí àwọn dókítà jẹjẹrẹ káàkiri àgbáyé ń lò kò jìnnà sí ìdajì yìí: bí iye àkọ́kọ́ bá ti tó 70 ó kéré tán, tí ó sì ṣubú sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ 28, wọ́n á ní ara ń gbọ́ oògùn. Ní tiwa, 188 kí kímò kẹta ni ó ti kọjá ìdajì 486. Dókítà kan tún sọ fún wa nípa KELIM, ìṣirò tó ń fi èsì mẹ́ta, ó kéré tán, láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́ kímò wo bí iye náà ṣe ń yára ṣubú. Mo fẹ́ ṣe é fúnra mi lóru, ó ní kí n fi sílẹ̀ fún òun. Ó tọ̀nà.

Tó bá wà lábẹ́ 35

Ní ọjọ́ tí èsì jẹ́ 24, wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n sì gbé fáìlì wá sí kílíníìkì lọ́jọ́ Wẹ́sídeè. Èsì tó wà lábẹ́ 35 kò sọ pé jẹjẹrẹ ti tán: èyí tó kéré gan-an lè wà níbẹ̀ láìtú ohun tí ẹ̀rọ lè mú jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń parí kímò tí wọ́n ti kọ, tí wọ́n sì ń ṣe síkáànì. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí nọ́ńbà dára. A rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. N kò ní sọ ìtàn rẹ̀.

Tó bá tún ń gòkè

Bí 17 bá di 21, ìròyìn kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ kan náà lè fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn láàárín ọjọ́ méjì. Bí 17 bá di 21, di 29, di 34, òmíràn ni: ó ṣì wà lábẹ́ ìlà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ló ń tọ̀, ó yẹ kí dókítà rí i. Ìwé gbèsè nìkan ló lè fi èyí hàn yín. Ìwé èsì kan ṣoṣo yóò kọ pé "ó dára" sí 34.

Fún ẹni tí tirẹ̀ ti wọ abẹ́ 35, ìlànà tí wọ́n ń lò láti sọ pé jẹjẹrẹ lè máa padà bọ̀ ni 70, ìyẹn ìlọ́po méjì ìlà náà, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán láàárín méjèèjì. Fún ẹni tí tirẹ̀ kò wọ abẹ́ 35 rí, ìlọ́po méjì iye tó kéré jù tó ní rí ni. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ kan kì í dájọ́. Ẹ tún un ṣe, ní láàbù kan náà, kí ẹ sì ronú lé gbogbo ohun tí mo kà sókè: ibà, ẹ̀dọ̀, omi inú ikùn. Bí àgbo bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ fún dókítà láìbẹ̀rù. Àwọn àgbo kan máa ń da ẹ̀dọ̀ rú, ẹ̀dọ̀ tó dàrú sì máa ń gbé CA-125 sókè. Ẹ lè máa lé ohun tí ìgò àgbo yín fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìtọ́jú: ṣé ẹ óò máa wò ó?

Ohun tí wọn kì í sábà sọ fúnni ni pé ẹ lè yàn. Wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan ní Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Gordon Rustin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, ní 2010. Obìnrin 529 tí ìtọ́jú wọn ti parí, tí CA-125 wọn sì ti ń gòkè, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kímò fún apá kan lójú ẹsẹ̀ nítorí nọ́ńbà. Apá kejì dúró di ìgbà tí ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ gba kímò ní bí oṣù márùn-ún ṣáájú àwọn yòókù, síbẹ̀ ẹ̀mí wọn kò gùn jù: ìdajì wọn ló kọjá oṣù 25.7, nígbà tí ìdajì àwọn tó dúró kọjá oṣù 27.1. Ìgbádùn ayé wọn ló sì kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ìtọ́jú ti yí padà láti ìgbà náà. Àwọn oògùn tuntun wà tí wọ́n ń lò lẹ́yìn kímò, àwọn kan sì lè padà ṣe iṣẹ́ abẹ bí ó bá tètè hàn. Dókítà yín lè ní ìdí gidi tó fi fẹ́ máa wò ó. Ẹ bi í pé: "Bí ó bá gòkè, kí ni ẹ ó ṣe sí i?" Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ ṣe, ẹ ṣe é. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹ óò kàn máa wò ó, ẹ wo oorun tí ẹ ó pàdánù lórí rẹ̀, kí ẹ sì wo owó, nítorí pé láti àpò ni ọ̀pọ̀ wa ti ń san án.

Ara yín kò dúró de láàbù

Ikùn tó ń wú, oúnjẹ díẹ̀ tó ń yóni jù, èébì, ikùn tí kò yagbẹ́ tí kò sì sọ afẹ́fẹ́, èémí tó ń kúrú: ẹ lọ sí ọsibítù, èsì ì báà jẹ́ 12. Bí ẹ bá sì ń gba kímò lọ́wọ́, tí ara yín gbóná dé 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ lóru yẹn kan náà. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, kò wọ́n. Ìyẹn kò kan CA-125 rárá, ó sì lè pa ènìyàn kí CA-125 tó ní nǹkan kan láti sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi pinnu pé ọjọ́ kílíníìkì nìkan ni òun yóò máa gba ẹ̀jẹ̀, pé òun kò ní sáré lọ sí láàbù láàárín rẹ̀ mọ́. Ó ti padà sí ìsọ̀. Ìwé tó fi ń kọ gbèsè oníbàárà ló fi ń kọ ọ́, ojú ewé kan náà: 17 wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ ni obìnrin ará Ìpetu kan tó ra léèsì mẹ́ta, tó san díẹ̀, tó sì ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà.